Àpò Pupa Ọ̀gá Àṣá-ò-wolẹ̀

Àwọn mẹkáníìkì ló sọ ọ́ ní Àṣá-ò-wolẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi ṣe. Ọkùnrin náà gbà á bí oyè.

Ó ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára káàdì. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn mọ́tò. Bí o bá kí i pé, "Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá awakọ̀ bàálù," á mi orí lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Ṣùgbọ́n bí o bá pè é ní "Àṣá-ò-wolẹ̀, ọmọ afẹ́fẹ́, ọkọ ìkùukùu!", á dúró. Á na ọrùn. Á fún ọ láyè kí o tún un pè.

Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń wa bàálù. Kò sí ẹni tí kò mọ̀, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló ń lu agogo ara rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, orí tẹlifíṣàn ló wà. Ó ń sọ̀rọ̀ ààbò. Ó ń sọ̀rọ̀ ìṣèlú. Lójú tirẹ̀, ọ̀kan náà ni wọ́n.

"Orílẹ̀-èdè yìí," á ní, "bàálù ni. Èrò ti jókòó. Epo wà. Táyà wà. Kí ló kù? Awakọ̀!"

Á wá dákẹ́ díẹ̀, kí olóòtú lè ráyè wo yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀. Ìlà wúrà mẹ́rin léjìká. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun bí òwú. Irùngbọ̀n dúdú kirikiri bí ìdí ìkòkò. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, irun funfun kan ṣoṣo kò sí níbẹ̀. Iṣẹ́ ìyanu.

Gbólóhùn kan sì wà tí kì í gbàgbé láé. "Ààbò kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Ojú ni ààbò! Ohun tí o kò bá fojú rí, má gbà á gbọ́." Á fi ìka kan ìsàlẹ̀ ojú rẹ̀. Nílé, ìyàwó á pàtẹ́wọ́, àwọn ọmọ á pàtẹ́wọ́.

Ẹni tí kì í pàtẹ́wọ́ ni àbúrò ìyàwó rẹ̀ obìnrin. Òun náà awakọ̀ bàálù ni. Igbákejì ni, apá ọ̀tún Àṣá ló máa ń jókòó sí, ọwọ́ rẹ̀ sì ni ìwé àyẹ̀wò máa ń wà. Nílé, Bọ̀dá ló ń pè é. Níbi iṣẹ́, Ọ̀gá. Bó bá ṣì í pè, ó di ẹjọ́.

Ó ku ìwé kan péré kí obìnrin náà di ọ̀gá awakọ̀. Fọ́ọ̀mù olójú-ewé kan. Ọ̀gá tó ń bá a wà ló gbọ́dọ̀ buwọ́ lù ú pé ó tó gbangba-á-sùn-lọ́yẹ́. Fọ́ọ̀mù náà ti lo oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ Àṣá.

"Bọ̀dá, fọ́ọ̀mù mi ńkọ́?"

"Kí ni ìkánjú? Jẹ́ kí wọ́n fi mí jẹ Alága ná. Ìwé tí Alága bá buwọ́ lù, ṣé ẹgbẹ́ ìwé lásán ni?"

Alága Àjọ Ààbò Òfuurufú. Àga náà ti ṣófo. Mínísítà ètò ìrìnnà ni yóò yan ẹni tí yóò jókòó sí i. Nígbà tí Àṣá wá gbọ́ pé bàálù tòun gan-an ni Mínísítà yóò wọ̀ lọ́jọ́bọ̀, inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé láti sọ ọ́ fún ìyàwó. Oníròyìn ló kọ́kọ́ pè.

"Ẹ gbé kámẹ́rà wá," ló wí. "Kí ayé rí bí àgbà ṣe ń yẹ bàálù wò."

*

Ohun kan wà tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa bàálù.

Bí wọ́n bá fẹ́ wọ́ ọ jáde láti ilé àtúnṣe, wọ́n máa ń ti irin ìdè bọ ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹsẹ̀ má baà ká lójijì. Ẹsẹ̀ mẹ́ta, irin mẹ́ta. Aṣọ pupa gígùn rọ̀ mọ́ irin kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kọ ọ́ sára rẹ̀ gàdàgbà: YỌ MÍ KÍ O TÓ FÒ. Ẹni tí kò bá rí ìyẹn, kò fẹ́ ríran ni.

Bàbá Onígíríìsì, àgbà mẹkáníìkì, ló ń yọ wọ́n. Lẹ́yìn náà, á lọ dúró níwájú bàálù, lábẹ́ fèrèsé ọ̀gá awakọ̀, á gbé irin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sókè. Aṣọ pupa á máa fẹ́ lẹ́lẹ́. Ọ̀gá á kà wọ́n láti òkè: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Á gbé àtàǹpàkò sókè. Wọ́n á wá kó irin náà sínú àpò pupa kan tó ń gbé lẹ́yìn àga ọ̀gá, ó di ibi tí wọ́n ń lọ.

Ọdún mọ́kànlélógún ni Bàbá ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Bí kò bá tíì rí àtàǹpàkò, òjò ì báà máa rọ̀, kì í kúrò níbẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀ yìí, Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tí Àṣá dé pẹ̀lú oníròyìn àti kámẹ́rà. Òórùn lọ́fínńdà ló ṣáájú wọn dé.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sẹ́yìn. Aṣọ yín ò bá kámẹ́rà mu."

Bàbá wo aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Gíríìsì láti ọrùn dé orúnkún. "Irin ìdè ló kù kí n yọ, ọ̀gá."

"Èmi ni màá yọ ọ́. Lónìí, ọwọ́ ọ̀gá ni ayé fẹ́ rí."

"Ẹ ó kà á?"

"Bàbá! Ẹni tó ń kọ́ gbogbo orílẹ̀-èdè ní ààbò lẹ ń bi pé ṣé ó mọ òǹkà?"

"Kò tó bẹ́ẹ̀, ọ̀gá. Mo kàn ní kí n bèèrè ni."

Bàbá gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Ó lọ sẹ́yìn ọkọ̀ epo, níbi tí kámẹ́rà kò ti lè rí i. Àbúrò ìyàwó la ẹnu pé kí òun sọ̀rọ̀.

"Ìwọ náà, wọlé," ni Àṣá wí. "Èrò ń bọ̀."

Ó wọlé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, orí fídíò ló ti wá rí i, bí gbogbo ìlú ṣe rí i.

Fídíò náà kò fi nǹkan kan pa mọ́. Àṣá bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ iwájú. Ó na ọwọ́ sí irin. Ó rí gíríìsì. Ó wo irin, ó wo apá ṣẹ́ẹ̀tì. Ó tún wo irin.

"Ẹ ti yà á?"

"A ti yà á, ọ̀gá. Ẹ fà á jáde báyìí."

"Ọwọ́ lórí irin ti tó. Ẹni bá lóye á lóye. Ẹ jẹ́ ká lọ sí èkejì."

Ó fọwọ́ kan èkejì. Ó rẹ́rìn-ín. Ó fọwọ́ kan ẹ̀kẹta. Ó ṣàlàyé bí ìjọba ṣe lè gba ọrọ̀ ajé là. Kò yọ ìkankan. Bóyá ó ní in lọ́kàn láti pe Bàbá padà, àwa ò mọ̀, a ò sí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mọ́tò dúdú gígùn kan yọ lọ́ọ̀ọ́kán, gbogbo ohun tó wà lọ́kàn Àṣá sì fò lọ.

Mínísítà sọ̀ kalẹ̀. Obìnrin kúkurú kan, àgbàlagbà, tó ń gbé báàgì ara rẹ̀ fúnra rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá! Ìyá orílẹ̀-èdè! Ìyá táyà, ìyá ìyẹ́ apá!"

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé bàálù dára?"

"Màmá, ojú ara mi yìí ni mo fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ojú ni ààbò!"

"Ó dáa," ni ìyá náà wí. "Ojú ni." Ó gun àtẹ̀gùn lọ.

*

Òfin iṣẹ́ ni pé igbákejì á ka ìwé àyẹ̀wò, ọ̀gá á wò, á wá dáhùn. Kà á, wò ó, dáhùn. Ti Àṣá yàtọ̀. Ó máa ń dáhùn kí wọ́n tó kà á tán.

"Epo —"

"Ó pé."

"Ilẹ̀kùn —"

"Ó tì."

"Irin ìdè ẹsẹ̀ —"

"Mẹ́ta. Inú àpò."

Obìnrin náà wo ìta. "Ọ̀gá, mi ò rí Bàbá níwájú."

"Bàbá ń sinmi. Àgbà ti dé sí i."

"Ṣé kí n wo inú àpò?"

Àṣá na ọwọ́ sẹ́yìn àga. Ó gbé àpò pupa náà, ó mì í lẹ́bàá etí rẹ̀. Ó dún: kẹkẹkẹ. Nǹkan líle ń lu nǹkan líle. Àpò náà sì wú.

"Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́. Mo ní kí n rí i ni."

"Àbúrò." Ohùn rẹ̀ rọ̀, bí ohùn ẹni tó fẹ́ fúnni lẹ́bùn. "Fọ́ọ̀mù yẹn, ṣé o ṣì fẹ́ ẹ?"

Oṣù mẹ́ta. Ọdún mẹ́jọ lápá ọ̀tún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń pè lójoojúmọ́ pé, "Fi sùúrù bá a, o mọ bó ṣe rí." Ó gbé bírò. Níbi tí ó yẹ kó kọ *mo rí i* sí, ó kọ *ọ̀gá ní mẹ́ta*. Ó fa ìlà sábẹ́ *ọ̀gá ní*.

Bàálù bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ.

"Wò ó!" ni Àṣá wí, ó ń wo fèrèsé òsì. "Bàbá Onígíríìsì! Ó ń sáré tẹ̀lé wa. Ó ń ju fìlà."

"Kí ló fẹ́?"

"Ó ń kí mi ni! Ó ti gbọ́ nípa ipò yẹn." Ó gbé ọwọ́ sókè, ó jù ú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ọba ṣe ń juwọ́ sáwọn ará ìlú. "Ẹ wo àgbàlagbà! Ó ti káwọ́ lérí. Ayọ̀ ti pọ̀ jù fún un."

Wọ́n gbéra.

"Ká ẹsẹ̀," ni Àṣá pàṣẹ.

Obìnrin náà fa ọwọ́ irin tí wọ́n fi ń ká ẹsẹ̀ sókè. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹsẹ̀ á dún wọlé gbìì, gbogbo inú bàálù á sì pa lọ́lọ́. Lọ́jọ́ yìí, atẹ́gùn ló ń hó lábẹ́ wọn. Iná pupa mẹ́ta tàn.

"Ọ̀gá, ẹsẹ̀ ò ká."

"Tún un fà."

"Mo ti tún un fà."

"Fà á bí ọmọ ẹni tó jẹun!"

"Bọ̀dá, ẹsẹ̀ ò ká!"

Kò bá a ṣẹjọ́ lórí Bọ̀dá yẹn. Ibẹ̀ ni obìnrin náà ti mọ̀ pé àyà ọ̀gá ti já.

Kò séwu kankan níbẹ̀. Ẹyẹ tí kò ká ẹsẹ̀, bíbà ò lè ṣòro fún un. Ṣùgbọ́n irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ kò lè rìn jìnnà, àfi kó padà sílé. Àṣá kò sì lè padà sílé láìní ìtàn lẹ́nu. Ó gbé máìkì tí wọ́n fi ń bá èrò sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin èrò wa ọ̀wọ́n, Àṣá-ò-wolẹ̀ ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Àwọn ọ̀tá ìlọsíwájú, àwọn tí kò fẹ́ kí ẹni tó kúnjú òṣùwọ̀n dé ipò, ti fọwọ́ kan ẹsẹ̀ bàálù yìí. Ìṣèlú ni! Ẹ má fòyà. À ń padà sílẹ̀. Màmá Mínísítà, ọwọ́ tó dáa lẹ wà."

Ó yí sí ilé ìṣọ́ gíga tí wọ́n ti ń darí bàálù. "Ẹ kó ọlọ́pàá wá," ló wí fún wọn. "Ẹ má jẹ́ kí kámẹ́rà lọ."

"A gbọ́, ọ̀gá," ni ohùn obìnrin kan dáhùn láti ilé ìṣọ́. "Ọlọ́pàá ń bọ̀. Ṣùgbọ́n mẹkáníìkì yín wà lórí fóònù níbí. Ó ní irin ìdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà lẹ́sẹ̀ bàálù. Ó ní òun fi fìlà pè yín, ẹ juwọ́ sí òun."

Àṣírí tú pẹ́pẹ́fúúrú.

Igbákejì yíjú sí àpò pupa. "Kí ló wà nínú àpò, Bọ̀dá?"

Nígbà tí Àṣá máa lanu, oyin ló ń kán níbẹ̀.

"Àbúrò mi. Ọmọ ìyá ìyàwó mi. Sọ pé ìwọ lo kà á. Ọmọdé ni ọ́, wọ́n á dárí jì ọ́. Bá a bá ti dé ilẹ̀, màá buwọ́ lu fọ́ọ̀mù yẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni màá buwọ́ lù ú."

"Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ mi. Kí ni n ó fi fọ́ọ̀mù ṣe?"

"Ronú nípa ẹ̀gbọ́n rẹ. Ta ni yóò mọ̀?"

Obìnrin náà nàka sókè. Ẹ̀rọ kan wà nínú bàálù tó ń gba gbogbo ohùn sílẹ̀, ti ọ̀gá, ti igbákejì, ti ẹni tó wúkọ́. "Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ lórí tẹlifíṣàn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá. Ẹ ní kò mọ ọ̀gá, kò mọ àna."

Àṣá rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ku wúyẹ́wúyẹ́. "Àbúrò…"

"Ó ń gbọ́ ìyẹn náà, Bọ̀dá."

*

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, kí Ọlọ́run má baà bi wá: ó bà á sílẹ̀ bí ìyẹ́. Ife omi kan kò dànù. Àṣá mọ òfuurufú. Ilẹ̀ ni kì í wò. Ẹni tó gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀.

Aṣọ pupa mẹ́ta ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lábẹ́ ikùn bàálù bó ṣe ń yí bọ̀. Kámẹ́rà rí wọn. Ìyàwó ilé rí wọn lórí tẹlifíṣàn.

Ọlọ́pàá ti tò yí ká. Olùdarí ilé iṣẹ́ bàálù náà ti dé, táì rẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mínísítà sọ̀ kalẹ̀, àwọn èrò tò tẹ̀lé e. Bí Àṣá ṣe rí kámẹ́rà, àìsàn àtijọ́ ta á. Ó gbàgbé ohun tí ilé ìṣọ́ wí. Ó na ọwọ́.

"Ọlọ́pàá, ẹ mú wọn! Ẹ mú gbogbo ẹni tó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ bàálù yìí!"

Oníròyìn náà wú ikọ́ díẹ̀. "Ọ̀gá, a ní fídíò ẹni tó fọwọ́ kàn án."

Ó yí ojú kámẹ́rà sí ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá wò ó. Ó wo Àṣá. Ó tún wò ó. "Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín yìí ni kí n mú?"

Àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Onígíríìsì dé níbẹ̀, ó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀, fìlà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọ̀gá, mo pè yín títí."

"Ọ̀gá ní inú àpò pupa ni irin wà," ni àbúrò ìyàwó sọ fún Mínísítà.

"Ó dáa," ni Mínísítà wí jẹ́jẹ́. "Ẹ bá mi gbé àpò náà wá."

Àbúrò ìyàwó gbé e wá. Nǹkan dúdú kan ti ń kán láti ìdí rẹ̀. Kò ṣí i. Ó gbé e lé ọlọ́pàá lọ́wọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, nǹkan àdáni ni!" Àṣá já àpò náà gbà. Ọlọ́pàá fà á padà. Ìdè àpò tú, ẹrù dà sílẹ̀.

Òòyà onírin kan. Jígí kékeré kan. Igo lọ́fínńdà. Igo aró irùngbọ̀n kan, tí ìdérí rẹ̀ ti ṣí látìgbà tí wọ́n ti mi àpò, tó ti da aró sára gbogbo ará ilé rẹ̀. Àti ìwé méjì. Kò fẹ́ gbé báàgì níwájú kámẹ́rà, ó wá fi àpò irin ṣe ilé ohun ẹ̀ṣọ́.

Mínísítà wọ awò ojú. Ó mú ìwé kìíní, ó fi orí ìka méjì dì í mú.

"'Pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀ ńlá ni mo fi gba ipò Alága Àjọ Ààbò…'" Ó gbójú sókè. "Ta ló fi ọ́ jẹ ẹ́?"

"Màmá, mo kàn ń múra sílẹ̀ ni."

"Ṣé irùngbọ̀n náà ń múra sílẹ̀ ni?"

Ẹ̀rín tún sọ. Olùdarí gan-an yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Èyí tí wọ́n fi wé igo aró ńkọ́? Fọ́ọ̀mù ìgbéga. Orúkọ obìnrin ló wà níbẹ̀."

"Tèmi ni, mà," ni àbúrò ìyàwó wí. "Oṣù mẹ́ta ló ti wà lọ́wọ́ wọn."

Mínísítà ní kí wọ́n gbé ìwé àyẹ̀wò wá. Ó kà á. Ó fi ìka tẹ̀ lé ìlà tí wọ́n fà sábẹ́ *ọ̀gá ní*.

"Olùdarí, fọ́ọ̀mù tuntun wà lọ́fíìsì?"

"Ó wà, mà. Ọ̀gá mìíràn ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò."

"Ó dáa." Ó yí sí obìnrin náà. "O kò purọ́. Mo rí i. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ mìíràn, ọmọ mi, ṣí àpò."

"Mo gbọ́, mà." Ojú tì í díẹ̀. Ó yẹ kó tì í.

Àṣá rò pé ó ti parí. Ó ti ń wá ọ̀nà lẹ́yìn àwọn èrò. Ṣùgbọ́n Bàbá Onígíríìsì ti wọ abẹ́ bàálù. Ó yọ ọ̀kan. Ó yọ èkejì. Ó yọ ẹ̀kẹta. Ó lọ dúró níwájú bàálù, ní ojú ibi tó máa ń dúró sí, ó gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sókè.

"Ọ̀gá," ni ó wí, "ẹni tó ní mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ ka mẹ́ta. Bàálù ò ní kúrò níhìn-ín."

Àṣá wo Olùdarí. Olùdarí wo ilẹ̀. Kámẹ́rà sún mọ́ wọn.

"Ọ̀kan," ni Àṣá wí.

"Ẹ gbóhùn sókè, ọ̀gá. Tẹlifíṣàn ò gbọ́."

"Méjì. Mẹ́ta!"

Bàbá kò mira. Aṣọ pupa ń fẹ́. Bàbá ń wò ó, ọwọ́ sókè, bí ó ti ń wò ó láti ọdún mọ́kànlélógún.

"Kí ló tún kù?"

"Àtàǹpàkò ni, Bọ̀dá," ni àbúrò ìyàwó rẹ̀ wí.

Ó gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Aró ti gba gbogbo rẹ̀, láti orí èékánná dé ọrùn ọwọ́, ó sì ti gba apá ṣẹ́ẹ̀tì funfun lọ títí dé ìgúnpá.

Bàbá kà á pé ọ̀kan ni. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ká aṣọ pupa náà jọ, ó sì ń kọjá lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sẹ́yìn, ọ̀gá," ló wí. "Aṣọ yín ò bá kámẹ́rà mu."